Òógùn Kì í Ṣe Àrùn, Ọ̀rinrin Ni Kí Ẹ Máa Ṣọ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti orí pápá bọ̀, ẹ má tíì lọ sùn o, torí tiyín gan-an ni ọ̀rọ̀ tòní.

Kò sí ẹni tó máa ń bẹ àwọn ọmọ wa kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù. Semassi ti Sokodé gba ife-ẹ̀yẹ líìgì Tógò ní 2014, ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń sáré nínú eruku ló sì ń rí ara rẹ̀ nínú aṣọ yẹn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ohun tí a kì í sọ fún wọn ni ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí fèrè bá ti dún.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun kan. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, wọ́n fi ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́ kan sábẹ́ mi. Màyó mẹ́rìnlá péré la ní. Àwọn àgbà á wọ̀ ọ́ gbá bọ́ọ̀lù, wọn á bọ́ ọ, àwọn kékeré á tún gbé e wọ̀ pẹ̀lú òógùn lára rẹ̀. Tá a bá ṣe tán, a ó rún gbogbo ẹ̀ sínú àpò kan, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Kò pẹ́ tí ọmọkùnrin kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í họ ìbàdí. Mo wò ó, mo rí i pé làpálàpá ni: ó rí róbótó, etí rẹ̀ wú díẹ̀, àárín rẹ̀ sì mọ́. Mo lọ sọ́jà, mo ra ìpara kan tí wọ́n fi ń bóra, torí ẹni tó tà á fún mi ní gbogbo nǹkan ló ń wò. Ní ọjọ́ kẹta, kò yún un mọ́. Inú mi dùn, mo rò pé mo ti di dókítà. Kí oṣù yẹn tó parí, làpálàpá ọ̀hún ti gba ìbàdí, ó ti dé itan, àwọn ọmọ mẹ́rin mìíràn sì ti ń họra.

Ìgbà tí mo kó wọn dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, ìbéèrè kan ló kọ́kọ́ bi mí: “Olùkọ́, kí lẹ fi pa á?” Mo fi ìpara náà hàn án. Ó mi orí. Ó ní oògùn líle tí wọ́n ń pè ní clobetasol ló wà nínú rẹ̀. Ó máa ń jẹ́ kí yíyún lọ sílẹ̀, àmọ́ kì í pa ohun tó fa làpálàpá. Ńṣe ló tún ń fi í pa mọ́, kó lè máa tàn kálẹ̀. Ó ní, “Ajá tó ń gbó lẹ dì lẹ́nu yẹn, olè ṣì wà nínú ilé.”

Ẹ̀yin ará, òógùn fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí. Òun lara fi ń tutù. Bó ṣe ń jáde, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní òórùn. Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tó ń gbé lára awọ wa, pàápàá ní abíyá, ló ń sọ ọ́ di òórùn. Ohun tó ń fa làpálàpá yàtọ̀ sí ìyẹn: ẹbí olú ni, bí èyí tó ń mú kí búrẹ́dì bu. Ibi tó gbóná, tó ní ọ̀rinrin, tí atẹ́gùn ò dé ló fẹ́: ìbàdí, abẹ́ ọmú, àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ó sì lè wà nínú aṣọ àti táwẹ̀lì, kó máa dúró de ẹni tó kàn.

Kí la ó wá ṣe? Àkọ́kọ́, ẹ bọ́ aṣọ tó ti mu òógùn kété tí eré bá parí. Ẹ má wọ̀ ọ́ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ títì títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ fi ọṣẹ wẹ̀. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé tí kànga ń gbẹ, omi díẹ̀ náà tó: abíyá, ìbàdí àti ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fọ̀.

Èkejì, ẹ nu ara gbẹ. Ọ̀pọ̀ wa ń ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, omi ń dé àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n tá a bá ki ẹsẹ̀ tútù bọ bàtà rọ́bà, a ti ṣe ilé fún àrùn. Ẹ fi aṣọ nù ún ná. Ẹ sá bàtà sóòrùn, ẹ má sì wọ ìbọ̀sẹ̀ àná.

Ẹ̀kẹta, màyó. Lẹ́yìn gbogbo ìfigagbága, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ dáadáa. Bí kò bá kárí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má jọ lo táwẹ̀lì, kànìnkànìn tàbí abẹ ìfárí. Ti abẹ tiẹ̀ tún le jù, torí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ lè kó àrùn ẹ̀dọ̀ àti éèdì ranni.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin, nǹkan oṣù ò ní kẹ́ ẹ má sáré. Ẹ pààrọ̀ ohun tẹ́ ẹ lò lẹ́yìn eré. Bó bá jẹ́ aṣọ, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí oòrùn sì rí i. Ẹ má torí ìtìjú fi pa mọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Bí làpálàpá bá ti mú yín, ẹ lọ sí ilé oògùn, ẹ béèrè clotrimazole, miconazole tàbí ìpara Whitfield. Ẹ máa fi pa á láàárọ̀ àti lálẹ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Ẹ má dáwọ́ dúró nítorí pé kò yún yín mọ́. Ibi tí mo ti ṣìnà nìyẹn. Tó bá jẹ́ orí ọmọ ló wà, ìpara nìkan ò tó, oògùn mímu ni, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Tí ojú rẹ̀ bá wú, tó ń ṣọyún, tàbí tí ibà bá dé, ẹ má jókòó sílé.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ta ìpara lọ́jà, mi ò bá yín jà o. Ohun kan ni mo fi bẹ̀ yín: tí ọmọ bá wá sọ pé làpálàpá ló ń yọ òun lẹ́nu, ẹ júwe ilé oògùn fún un.

Ọmọkùnrin ọjọ́sí yẹn sàn, bó tilẹ̀ gbà ju oṣù kan lọ. Àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó ọṣẹ jọ, tí wọ́n sì ń fọ màyó fúnra wọn. Owó tí mo fi ra ìpara yẹn ì bá ti ra ọṣẹ ọ̀hún látìbẹ̀rẹ̀.

Lọ́la, bí fèrè bá dún, ẹ bọ́ aṣọ, ẹ wẹ̀, ẹ nu ara gbẹ. Ó dìgbà o.