Ìwé tó ní kí omi ọgọ́rùn-ún ọdún wà nílẹ̀ kí wọ́n tó ta púlọ́ọ̀tì

Àwọn ìpínlẹ̀ méje tó ń pín omi odò Colorado ní Amẹ́ríkà ń fa ọ̀rọ̀ lọ, wọ́n ń fà á bọ̀, lórí ètò tí yóò rọ́pò èyí tó ń parí ní ìparí 2026. Gbogbo ìgbà tí ìròyìn wọn bá ti jáde ni ẹ máa rí ẹni tí yóò sọ pé Phoenix ti fòfin de ilé kíkọ́ nítorí àìsí omi. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní June 2023 ni pé ìjọba ìpínlẹ̀ Arizona, lábẹ́ Gómìnà Katie Hobbs, kéde pé àwọn ò ní fúnni ní irú ìwé kan báyìí mọ́ ní agbègbè Phoenix, tó bá jẹ́ omi abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ nìkan ni ẹni tó ń béèrè rẹ̀ gbójú lé. Nǹkan bí 80,000 púlọ́ọ̀tì tó ti gba ìwé náà ṣáájú kò fara gbá nínú rẹ̀ rárá. Ìwé yìí gan-an ló yẹ ká yẹ̀ wò, torí ibi tí ìjọba ti ń béèrè irú rẹ̀ kò pọ̀ láyé.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Ẹni tó bá fẹ́ gé ilẹ̀ sí púlọ́ọ̀tì mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti tà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn lọ́dọ̀ ẹ̀ka ìjọba tó ń mójú tó omi pé èyí tí àwọn onílé ibẹ̀ máa lò fún ọgọ́rùn-ún ọdún wà. Kí omi wà nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ ṣeé mu, òfin gbọ́dọ̀ fún wọn lẹ́tọ̀ọ́ láti fà á, owó páìpù àti ẹ̀rọ sì gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ olówò ilẹ̀ náà. Tó bá jẹ́ omi kànga, ìṣirò gbọ́dọ̀ fi hàn pé lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún náà, ojú omi ò ní lọ sísàlẹ̀ ju 1,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Láìsí ìwé, wọn ò ní fọwọ́ sí pípín ilẹ̀ náà, kò sì ní ṣeé tà. (Lọ́dọ̀ tiwa, èèyàn á ti kọ́lé tán kó tó máa wá ẹni tó máa gbẹ́ bòhóòlù.)

Ìlú tó bá ti jẹ́rìí omi fún ara rẹ̀, bíi Phoenix, Scottsdale àti Mesa, ìwé tirẹ̀ ti bo ẹni tó ń kọ́lé níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìkéde 2023 kò fi mì wọ́n. Buckeye àti Queen Creek ló dùn, àwọn ìlú ẹ̀bá tí ilẹ̀ ti pọ̀ tí owó rẹ̀ ò sì tíì ga jù.

Ìjọba ò fi ìfẹ́ inú gbé òfin tó bí ìwé yìí kalẹ̀. Ní nǹkan bí 1960 sí 1979, àwọn oníjìbìtì ta ilẹ̀ aṣálẹ̀ Arizona fún àwọn èèyàn tó wà lọ́nà jíjìn, ilẹ̀ tí kò sí ẹ̀kán omi kan lábẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ olówùú ní tiwọn ń fa omi kànga tọ̀sán tòru, débi pé nítòsí ìlú Eloy, ilẹ̀ rì ju mítà mẹ́ta lọ, tó sì ń là. Lásìkò kan náà, ìpínlẹ̀ náà ń dúró de kánáà ńlá kan láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀, 336 máìlì, tí yóò gbé omi odò Colorado wá sí Phoenix àti Tucson. Cecil Andrus, tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti omi nínú ìjọba Ààrẹ Carter, wá là á mọ́lẹ̀ pé bí wọn ò bá ṣòfin lórí omi abẹ́ ilẹ̀, kò sówó kánáà. Gómìnà Bruce Babbitt kó àwọn ìlú, àwọn awakùsà àti àwọn àgbẹ̀ jọ sí yàrá kan, wọ́n fà á títí, ó sì buwọ́ lu òfin náà ní June 1980. Ìlànà tó fún ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn léyín tó mú kò dé títí di 1995.

Kó tó dé ni wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ fún un. Ní 1993, àwọn aṣòfin dá àjọ kan sílẹ̀ tó ń dá omi padà sínú ilẹ̀. Olówò ilẹ̀ á forúkọ púlọ́ọ̀tì rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ á máa fa omi kànga, wọ́n á máa san owó, àjọ náà á sì wá omi ibòmíràn rà, á tú u sínú adágún inú iyanrìn kó lè rì wọlẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta. Àmọ́ kò pọn dandan kó jẹ́ ibi tí wọ́n ti fà á ni wọ́n ti máa dá a padà, bí ẹni tó bu omi nínú àmù ìyá rẹ̀, tó wá lọ pọn òmíràn sínú àmù ojúlé kejì torí pé agbo ilé kan náà ni wọ́n. Mi ò ní pè é ní jìbìtì. Ṣùgbọ́n kànga tó ń gbẹ lápá ìwọ̀ oòrùn Phoenix kò rí omi tí wọ́n tú sílẹ̀ ní máìlì mélòó kan sí i lò, ìwé ìṣirò nìkan ló rí i.

Ohun tí ìṣirò tuntun fi hàn ní 2023 ni pé láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún, omi abẹ́ ilẹ̀ agbègbè Phoenix máa dín sí ohun tí wọ́n nílò pẹ̀lú nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdá mẹ́rin yẹn kéré létí, àmọ́ ẹ̀ka ìjọba náà ní níwọ̀n ìgbà tí kànga kan bá ti kùnà níbì kan nínú agbègbè náà, ẹnikẹ́ni ò lè gba ìwé tuntun lórí omi ibẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn akọ́lé gbé wọn lọ sí kóòtù ní 2025, wọ́n ní kí ló kan ilé tó wà ní ìlà oòrùn nínú kànga ìwọ̀ oòrùn? Lójú tèmi, ìbéèrè gidi ni. Kàyéfì ibẹ̀ ni pé ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ àǹfààní ètò tó gbà pé omi ibí àti omi ọ̀hún, ọ̀kan náà ni.

Ẹ tún padà sórí púlọ́ọ̀tì mẹ́fà yẹn. Ẹni tó bá gé márùn-ún kò nílò ìwé kankan. Èèyàn á gé márùn-ún, á ta ọ̀kan fún mọ̀lẹ́bí tàbí ilé iṣẹ́ tirẹ̀, ìyẹn náà á tún un gé sí márùn-ún. Bí Rio Verde Foothills, lẹ́bàá Scottsdale, ṣe kún nìyẹn. Táńkà ló ń gbé omi wá fún nǹkan bí 500 ilé níbẹ̀, láti ẹnu ẹ̀rọ Scottsdale. Ní ọjọ́ kìíní oṣù January 2023, ìlú náà pa á mọ́ wọn lẹ́nu: ọ̀dá ti mú, omi ará ìlú ni àwọn ní. Àwọn tó kọ́ ilé olówó ńlá wá ń fi abọ́ oníbébà jẹun kí wọ́n má bàa fọ abọ́, wọ́n ń gbé garawa sábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀ kí wọ́n lè rí omi òjò da sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Òfin pàtàkì kan ni àwọn aṣòfin ṣe kí omi tó padà dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ìlànà ọgọ́rùn-ún ọdún náà kò sì mú ilé iṣẹ́ ńlá, kò mú ilé tí wọ́n kọ́ fún ayálégbé tí àdéhùn rẹ̀ kò ju ọdún kan lọ. Èyí tó tún dé ní 2025 ni òfin tó jẹ́ kí àgbẹ̀ yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ omi oko rẹ̀ títí láé, kí akọ́lé sì fi apá kan rẹ̀ gba ìwé. Ó mọ́gbọ́n dání díẹ̀, torí òwú àti koríko ẹran máa ń mu omi ju agbolé lọ.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni odò náà fúnra rẹ̀. Kí Kóńgírẹ́ẹ̀sì tó fọwọ́ sí kánáà ní 1968, Arizona ní láti gbà pé bí omi bá dín, tòun ni wọ́n máa kọ́kọ́ gé, kí California tó fara gbá. Omi kánáà yẹn wà lára ohun tí Phoenix àti Scottsdale fi jẹ́rìí omi fún ara wọn. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde àìtó omi fún ìgbà àkọ́kọ́, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2022, àwọn àgbẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Pinal ló kọ́kọ́ pàdánù ọ̀pọ̀ nínú omi kánáà tiwọn, wọ́n sì padà sídìí kànga.