Ṣọkọ Nínú Ọgbà Berlin

Bí ẹ bá wọ ilé ìtajà òdòdó ní Berlin láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá ṣọkọyọ̀kọ̀tọ̀ nínú ìkòkò ike, orí rẹ̀ pupa fòò, tí wọ́n tò ó mọ́ àwọn òdòdó tí wọ́n fi ń ṣe ojú ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Ará Jámánì tó ń rà á kò mọ̀ pé ọbẹ̀ ni. Ọmọ Yorùbá tó ń kọjá lọ náà lè má dá a mọ̀, torí pé lọ́jà Bódìjà ní Ìbàdàn, kí ṣọkọ tó ronú àtiyọ òdòdó ni wọ́n ti gé e, tí wọ́n ti dì í ní ìdì.

Ọmọ ìyá ni ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀. Igi rẹ̀ máa ń dúró ṣánṣán, ewé rẹ̀ gùn, ẹnu ewé náà ṣóńṣó. Oríṣi kan tutù yọ̀yọ̀ látòkè délẹ̀. Òmíràn ní àlà pupa láàárín ewé, bí ẹ bá sì bọ̀ ọ́, omi rẹ̀ á pọ́n. Oríṣi tí a ń jẹ nílé máa ń yọ òdòdó tẹ́ẹ́rẹ́ lórí, ó máa ń pọ́n díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ó di funfun tó ń dán. Èyí táwọn òyìnbó fẹ́ràn jù ni wọ́n ti ṣà lẹ́ṣà títí orí rẹ̀ fi ká jọ, tó nípọn, tó sì rí bí ogbe àkùkọ. Irúgbìn gbogbo wọn kò yàtọ̀: ó dúdú, ó ń dán, ó kéré débi pé atẹ́gùn lásán lè gbé e lọ lọ́wọ́ ẹni tó ń gbìn ín. Iyanrìn gbígbẹ ni kí ẹ pò ó mọ́ kí ẹ tó fọ́n ọn.

Ọ̀rọ̀ ohun tó yẹ ká gbìn sí ọgbà ilé ni mo fẹ́ sọ, ṣọkọ ni mo sì fi ṣáájú nítorí pé ó parí ìjà tó máa ń wà láàárín ẹni tó fẹ́ òdòdó àti ẹni tó fẹ́ ẹ̀fọ́. Níbi tí ilẹ̀ ti kéré, ohun tó bá lè ṣe méjèèjì ló yẹ kó kọ́kọ́ wọlẹ̀.

Ilẹ̀ sì kéré lóòótọ́ ní Märkisches Viertel, ní àríwá Berlin, ní àgbègbè Reinickendorf. Láàárín 1963 sí 1974 ni wọ́n kọ́ àdúgbò náà, nígbà tí ògiri ṣì pín ìlú sí méjì: nǹkan bí 17,000 fúláàtì nínú àwọn ilé gogoro. Ọgbà ló pọ̀ jù níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn èèyàn ń gbé inú ahéré àárín ọgbà wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ogun ti ba ilé wọn jẹ́, kò sì sí ọ̀nà tí omi ìdọ̀tí ń gbà lọ. Wọ́n wó ahéré, wọ́n wú ọgbà, wọ́n fi ilé àlàjà rọ́pò. Ohun tó kù fún ẹni tó ń gbé lókè níbẹ̀ lónìí ni bálíkónì, àyàfi tó bá lè dúró de ilẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ ọlọ́gbà. Ọ̀pọ̀ ọdún sì làwọn èèyàn fi ń tò de ilẹ̀ yẹn.

Òfin wà fún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òfin ọgbà kéékèèké tí Jámánì ṣe ní 1983 sọ pé kò yẹ kí ilẹ̀ ẹnì kan ju 400 mítà onígun mẹ́rin lọ, ahéré inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 24 mítà onígun mẹ́rin lọ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ fi í ṣe ibùgbé. Ní 2004, ilé ẹjọ́ gíga wọn là á mọ́lẹ̀ pé ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́ta ilẹ̀ náà ló yẹ kó jẹ́ ti ẹ̀fọ́ àti èso. Ẹni tó bá gbin ṣọkọ síbẹ̀, kó múra àtiṣàlàyé: alábòójútó ẹgbẹ́ lè wò ó lẹ́ẹ̀kan kó kà á mọ́ òdòdó. Ẹ sè é fún un.

Iyanrìn ni ilẹ̀ Berlin. Omi kì í dúró nínú rẹ̀, òjò ọdún kan ní Berlin kò sì pé 600 mìlímítà, nǹkan bí ìdajì ti Ìbàdàn. Ẹ ó ní láti fún un ní ajílẹ̀ púpọ̀, kí ẹ sì máa bomi rin ín. Hamburg rọrùn díẹ̀ ní ti òjò, ṣùgbọ́n ooru rẹ̀ kò tó ti Berlin.

Òtútù ni ọba ní Jámánì. Àwọn àgbẹ̀ Jámánì ní àwọn ẹni mímọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Eisheilige, tí ọjọ́ wọn bọ́ sí 11 sí 15 oṣù karùn-ún. Sophie ló kẹ́yìn wọn. Kí Sophie tó kọjá, ẹni tó bá gbé tòmátò síta fẹ́ pàdánù ni, torí pé òru kan péré tí ìrì bá dì, gbogbo rẹ̀ á dúdú. Òtútù á tún padà dé ní oṣù kẹwàá. Oṣù márùn-ún la ní.

Àmọ́ oṣù márùn-ún yẹn ní ohun kan tí ilé wa kò ní. Ní àárín oṣù kẹfà, ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ní Berlin fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́tàdínlógún, nígbà tí ti Ìbàdàn kò ju nǹkan bí méjìlá àti ààbọ̀ lọ. Òru gígùn ló máa ń sọ fún ṣọkọ àti ewédú pé àsìkò òdòdó ti tó. Níbi tí òru ti kúrú báyìí, wọn kò tètè rántí òdòdó, ewé ṣáá ni wọ́n ń yọ. Ẹ gé orí ṣọkọ, ẹ̀ka méjì mẹ́ta á yọ nídìí rẹ̀. Ẹ tún gé wọn. Ìgbà tí òru bá ń gùn bọ̀ ní òpin oṣù kẹjọ ni òdòdó yóò dé, ẹ ó sì ti jẹ ẹ̀fọ́ yó kí ẹ tó wò ó.

Tẹ̀tẹ̀, tí a ní kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́, kò tẹ́ ní Berlin náà. Ẹ̀yà rẹ̀ kan tí òdòdó pupa rẹ̀ ń fì sísàlẹ̀ wà nínú ọgbà àwọn ìyá arúgbó Jámánì, fún ẹwà lásán. Ewédú ń fẹ́ ooru jù wọ́n lọ. Ẹ ri irúgbìn rẹ̀ bọ omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kó lè hù, kí ẹ sì fi sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tí oòrùn ń pa. Bí kò bá ṣe dáadáa, ewédú dídì wà nílé ìtajà àwọn Lárúbáwá ní òpópónà Sonnenallee, molokhia ni wọ́n ń pè é. Ata rodo dára nínú ìkòkò, bí ẹ bá gbìn ín sójú fèrèsé lókè ẹ̀rọ amúlégbóná láti oṣù kejì. Ẹ lè gbé e wọlé ní oṣù kẹwàá kó tún so lọ́dún kejì. Bákan náà ni ewúro, ẹ̀ka rẹ̀ kan tó. Ilá àti ugu? N kò gbà yín nímọ̀ràn wọn lórí ilẹ̀ gbalasa. Òdòdó ilá lẹ́wà púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ilé onígíláàsì lè gbìn ín kó má ká ju ti ọbẹ̀ kan lọ.

Nínú òdòdó gan-an, Kapuzinerkresse ni mo yàn: ewé àti òdòdó rẹ̀ ṣeé jẹ, ó sì ń ta lẹ́nu díẹ̀. Tagetes ń bá aràn inú ilẹ̀ jà, àmọ́ ìgbín aláìníkarawun tó kún ìlú náà fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹ̀fọ́ lọ. Kò sì sí ẹni tó ń jẹ ìgbín yẹn. Ilé tí ọmọdé bá wà, ẹ má gbin Fingerhut àti Maiglöckchen. Májèlé ni méjèèjì. Ewé Maiglöckchen tilẹ̀ jọ ti Bärlauch, ewé olóòórùn áyù tí àwọn ará ibẹ̀ ń já nínú igbó fún ọbẹ̀, ó sì ti ṣe àwọn tó já a ṣì ní jàǹbá.

Ẹ má kó irúgbìn sínú báàgì wá láti ilé. Láti òpin 2019, òfin àjọ ilẹ̀ Yúróòpù kò gba irúgbìn wọlé lọ́wọ́ arìnrìn-àjò láìsí ìwé ẹ̀rí pé kò lárùn. Ṣọkọ inú ìkòkò tí wọ́n ń tà náà kò ṣeé jẹ, wọ́n máa ń fi oògùn sí i kó má baà ga. Irúgbìn inú páálí ni kí ẹ rà, èyí tí wọn kò fi oògùn bò. Nígbà tó bá di oṣù keje, ẹ fi igi méjì sílẹ̀ láìgé, níbi tí oòrùn ti pọ̀ jù. Irúgbìn orí wọn yóò gbó kí ìrì tó dì. Ẹ gbọn ọ́n sínú ìwé, ẹ jẹ́ kó gbẹ, yóò sì hù lọ́dún tó ń bọ̀.