Àṣá kékeré tí oògùn kòkòrò fẹ́rẹ̀ẹ́ pa run nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹni tó bá ti sin adìyẹ rí mọ ìyọnu àṣá. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àṣá kékeré kan wà tí àwọn ẹyẹ wẹ́wẹ́ ń bẹ̀rù bí ẹni bẹ̀rù ikú. Sparrowhawk ni wọ́n ń pè é. Ẹyẹ igbó ni, ṣùgbọ́n ó máa ń dọdẹ dé inú ọgbà àwọn ará ìlú.

Apá rẹ̀ kúrú, ìrù rẹ̀ sì gùn. Èyí ló ń jẹ́ kó lè fi eré gba àárín igi kọjá láìfara gbá ẹ̀ka. Kì í ràbàbà lókè bí àwòdì. Ńṣe ló máa ń lúgọ sáàárín ewé, tàbí kó fò sún mọ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ọgbà, kó tó yọ sí ẹran rẹ̀ lójijì. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ló ń pòfo.

Abo rẹ̀ tóbi ju akọ lọ dáadáa. Akọ kì í sábà wúwo ju 196 gíráàmù lọ, nígbà tí abo lè tó 342. Ológoṣẹ́ àti irú wọn ni akọ ń pa. Abo lè pa ẹyẹlé. Bí abo bá yé ẹyin 4 tàbí 5, yóò sàba fún nǹkan bí ọjọ́ 33, akọ ni yóò sì máa wá oúnjẹ fún un.

Orí ẹyin yìí gan-an ni wàhálà dé bá wọn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lo DDT, aldrin àti dieldrin. Ìdílé kan náà ni àwọn oògùn wọ̀nyí àti Gamalin 20 tí àwọn àgbẹ̀ kòkó wa mọ̀ dáadáa. Àwọn ẹyẹ wẹ́wẹ́ jẹ irúgbìn tí wọ́n fi oògùn pa lára àti kòkòrò inú oko, àṣá sì ń jẹ àwọn ẹyẹ náà. Májèlé ń gbára jọ sínú ọ̀rá ara rẹ̀. Òmíràn kú, àwọn tó kù ń yé ẹyin tí èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, tó ń fọ́ mọ́ ìyá rẹ̀ lábẹ́. Ní 1967, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Derek Ratcliffe fi ìwádìí rẹ̀ hàn pé láti bí ọdún 1947 ni èèpo ẹyin náà ti ń fẹ́lẹ́. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹyẹ yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àwátì lápá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Díẹ̀díẹ̀ ni ìjọba fòfin de àwọn oògùn náà, díẹ̀díẹ̀ ni àṣá sì padà sínú igbó rẹ̀. Oògùn tí àgbẹ̀ fi pa kòkòrò kì í dúró sóko. Ẹnu ni yóò máa bá kiri, láti orí irúgbìn dé orí ìtẹ́ ẹyẹ.