Ojú Inú: Bí Ọkàn Ṣe Ń Ya Àwòrán Ohun Tí Kò Sí Níwájú

Ojú méjì ni Yorùbá gbà pé ènìyàn ní: ojú tí ń bẹ ní iwájú orí, àti ojú inú. Ojú ti òde a máa rí ohun tí ó dúró níwájú rẹ̀. Ojú inú a máa rí ohun tí ó ti kọjá, ohun tí ó jìnnà, àti ohun tí kò tíì sí rárá. Àwọn ọmọ Èjìgbò mọ agbára ojú inú yìí dáadáa, nítorí pé ó ti pẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń gbé Àbíjàn, ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, tí wọ́n ń ṣòwò níbẹ̀. Bí obìnrin kan bá jókòó ti ọjà rẹ̀ ní Àbíjàn, tí ẹnì kan sì dárúkọ ilé, lójú kan náà ni iwájú ààfin Ògìyán yóò hàn sí i, àti ọ̀nà tí ó gbà lọ sí ilé bàbá rẹ̀. Èjìgbò kò kúrò níbi tí ó wà, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin náà kò dìde lórí àpótí rẹ̀. Kí ni ó wá rí? Ta ni ó sì ya ohun tí ó rí náà?

Èrò tí ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ènìyàn lọ́kàn ni pé fọ́tò ni ọkàn ń kó pamọ́, pé bí ènìyàn bá ti rí nǹkan lẹ́ẹ̀kan, àwòrán rẹ̀ yóò wà nínú àpótí kan ní inú orí títí di ọjọ́ tí yóò wúlò. Ṣùgbọ́n ìwádìí àwọn onímọ̀ fi hàn pé iṣẹ́ ọkàn jọ ti amọ̀kòkò ju ti ayafọ́tò lọ. Amọ̀kòkò kì í bá ìkòkò nínú ilẹ̀ níbi tí ó ti ń wa amọ̀. Amọ̀ ni ó ń bá níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni ó sì fi ń sọ ọ́ di ìkòkò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọkàn ń ṣe: nígbàkúùgbà tí ènìyàn bá fẹ́ fi ojú inú wo nǹkan, àkọ̀tun ni ó ń mọ ọ́n.

Ní ọdún 1880 ni Francis Galton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ èsì ìwádìí kan jáde. Ó ní kí àwọn ènìyàn rántí tábìlì tí wọ́n ti jẹun ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kí wọ́n sì sọ bí àwòrán rẹ̀ ti rí ní ọkàn wọn: ṣé ó mọ́lẹ̀ tàbí ó ṣókùnkùn, ṣé àwọ̀ àwo àti ti oúnjẹ hàn nínú rẹ̀. Èsì tí ó rí gbà yà á lẹ́nu. Àwọn kan ní àwọn rí gbogbo rẹ̀ bí ẹni pé àwọn ṣì jókòó tì í. Àwọn mìíràn, tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ sì wà nínú wọn, ní àwọn kò rí nǹkan kan, pé àkànlò ọ̀rọ̀ lásán ni àwọn ti ń ka àwòrán ọkàn sí. Ní ọdún 2015, Adam Zeman ti Yunifásítì Exeter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún ipò àwọn tí kò ní àwòrán ọkàn rárá ní orúkọ tí í ṣe aphantasia. Irú wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wà. Wọ́n ń kàwé, wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń rántí. Ohun tí ẹlòmíràn ń rí, mímọ̀ ni wọ́n mọ̀ ọ́n.

Bí rírí àti fífi ojú inú wò ti súnmọ́ ara wọn tó hàn nínú ìwádìí tí Cheves Perky ṣe ní Yunifásítì Cornell ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1910. Ó ní kí àwọn ènìyàn tẹjú mọ́ gíláàsì kan tí kò mọ́ gaara, kí wọ́n sì fi ojú inú wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí rẹ̀. Wọn kò mọ̀ pé láti ẹ̀yìn gíláàsì náà ni wọ́n ti ń tan ìmọ́lẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní ìrísí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i. Ìmọ́lẹ̀ náà ni wọ́n rí, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé iṣẹ́ ọkàn àwọn ni. Ó ya àwọn kan lẹ́nu díẹ̀ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà nàró, nígbà tí ó jẹ́ pé èyí tí ó dùbúlẹ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn. Síbẹ̀ wọn kò fura. Bí ènìyàn bá lè ka ohun tí ojú òde rí sí ohun tí ojú inú yà, kò níí ṣe ìyanu bí ẹlòmíràn bá búra pé òun fi ojú òun rí ohun tí ó jẹ́ pé inú rẹ̀ ni ó ti yà á.

Àwòrán inú kì í sì í dúró gbagidi. Ní ọdún 1978, Stephen Kosslyn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwòrán ilẹ̀ erékùṣù kan han àwọn ènìyàn, tí ahéré, igi, kànga, adágún àti àwọn nǹkan mìíràn wà nínú rẹ̀, títí wọ́n fi mọ̀ ọ́n yékéyéké. Wọ́n wá mú àwòrán náà kúrò, wọ́n sì ní kí wọ́n fi ojú inú ti ibì kan dé ibòmíràn nínú erékùṣù náà. Bí ibi méjèèjì bá ṣe jìnnà síra tó, bẹ́ẹ̀ ni àkókò tí wọ́n ń lò ń gùn tó. Ọmọ Èjìgbò kò nílò erékùṣù kí èyí tó yé e. Kí ó jókòó sí Àbíjàn, kí ó fi ojú inú rìn láti ààfin lọ sí Másífà, kí ó sì tún fi í rìn láti ààfin lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Kò níí gbé ẹsẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ yóò pẹ́ é ju ọ̀nà Másífà lọ.

Kì í ṣe gbogbo onímọ̀ ni ó gbà pé àwòrán gan-an ni ó wà ní inú. Ní ọdún 1973 ni Zenon Pylyshyn bẹ̀rẹ̀ sí í tako èrò yìí. Ohun tí ó wí ni pé ìmọ̀ ni ó wà níbẹ̀, irú èyí tí ènìyàn lè fi ọ̀rọ̀ sọ: kànga wà lẹ́yìn ahéré, igi ga ju òrùlé lọ. Ẹni tí wọ́n bá ní kí ó ṣe bí ẹni ń rìn ti mọ̀ pé ọ̀nà jíjìn a máa pẹ́. Ìdí nìyí tí ó fi ń pẹ́. Ní ìdà kejì, àwọn ẹ̀rọ tí ń fi iṣẹ́ ọpọlọ hàn ti jẹ́ kí ó di mímọ̀ pé, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, apá ọpọlọ tí ó wà ní ìhà ìpàkọ́, tí ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ojú bá ń ríran, a máa ṣiṣẹ́ pẹ̀lú nígbà tí ènìyàn bá ń fi ojú inú wo nǹkan. Àríyànjiyàn náà kò tíì tán, ṣùgbọ́n ohun kan hàn gbangba nínú ọ̀rọ̀ ìhà méjèèjì: kò sí àwòrán inú láìsí ìmọ̀. Ohun tí ènìyàn mọ̀ ni amọ̀ tí ó fi ń mọ ọ́n.

Ẹ̀rí tí ó yani lẹ́nu jù ni èyí tí ó ti ìlú Milan wá, ní ilẹ̀ Ítálì. Ní ọdún 1978, Edoardo Bisiach àti Claudio Luzzatti kọ̀wé nípa aláìsàn méjì tí apá ọ̀tún ọpọlọ wọn ti bàjẹ́, tí wọn kì í fi í ka ohun tí ó wà ní apá òsì wọn sí mọ́. Àwọn méjèèjì mọ gbàgede tí ó wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú náà dáadáa. Wọ́n ní kí wọ́n fi ojú inú dúró ní ìpẹ̀kun gbàgede, kí wọ́n kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n sì dárúkọ àwọn ilé tí ó wà níbẹ̀. Àwọn ilé apá ọ̀tún ni wọ́n ń dárúkọ. Ti apá òsì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí wọ́n fi ojú inú dúró ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n kẹ̀yìn sí i. Ìgbà náà ni wọ́n wá ń dárúkọ àwọn ilé tí wọ́n ti fò, tí àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ sì pòórá. Ìmọ̀ gbogbo gbàgede wà ní inú wọn, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n dúró sí ni ó ń pinnu ohun tí wọ́n rí. Ojú inú pàápàá ní ibi tí í dúró sí.

Àpẹẹrẹ èyí kò jìnnà ní Èjìgbò. Ó wà nínú ọdún Òrìṣà Ògìyán. Pierre Verger, tí ó kọ̀wé nípa òrìṣà ní Áfíríkà àti ní Brazil, ṣàpèjúwe ìjà inú ọdún náà: àwọn ará Òṣòlò àti àwọn ará Òkè Màpó, àdúgbò méjì nínú ìlú, a máa fi àtòrì na ara wọn fún wákàtí púpọ̀. Ìtàn tí ó kọ sílẹ̀ sọ pé àwọn ẹ̀ṣọ́ na babaláwo kan, ọ̀rẹ́ ọba, wọ́n sì tì í mọ́lé, nítorí pé ó pe ọba ní orúkọ ìnagijẹ. Òjò kò rọ̀ fún ọdún 7, títí wọ́n fi tú u sílẹ̀, ó sì ní kí àwọn ará ìlú máa na ara wọn lọ́dọọdún. Bí ẹnì kan láti Òṣòlò àti ẹnì kan láti Òkè Màpó bá pàdé ní Àbíjàn, tí wọ́n ń rántí ìjà kan náà, ìhà tirẹ̀ ni olúkúlùkù yóò ti máa wò ó. Ẹni tí ọ̀kan rí ojú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni èkejì rí. Àtòrì tí ọ̀kan rí tí ń bọ̀, lílọ ni èkejì rí i tí ń lọ. Kò sí òpùrọ́ nínú wọn.

Ọ̀ràn náà tún jinlẹ̀ sí i fún ẹni tí kò dé Èjìgbò rí. Ọmọ tí wọ́n bí sí Àbíjàn gbọ́ nípa ìjà yìí lẹ́nu ìyá rẹ̀, ojú inú rẹ̀ sì yà á; ṣùgbọ́n òpópó Àbíjàn tí ó mọ̀ ni yóò fi ya Òkè Màpó tí kò mọ̀. Ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, àwọn kan ń bọ Òrìṣà Ògìyán, tí wọ́n ń pè ní Oxaguiã. Wọ́n ń ṣe ọdún tí wọ́n fi odó rẹ̀ sọ lórúkọ nítorí iyán tí í ṣe oúnjẹ rẹ̀, wọ́n sì ń fi àtòrì kan àwọn ènìyàn lára jẹ́jẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fi ojú òde rí Èjìgbò, síbẹ̀ Èjìgbò kan wà ní ojú inú wọn. Orin, ìtàn àti ìṣe ni wọ́n fi mọ ọ́n.

Ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú èyí fún ẹni tí ń kọ́ ọmọ. "Ẹ fi ojú inú wò ó" jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ tí ó bá dáhùn pé òun kò rí nǹkan kan lè má ṣe alágídí, ó sì lè má ṣe olódo. Bóyá ọ̀kan nínú irú àwọn tí Galton bá pàdé ni, tí ó lè ka iye fèrèsé ilé wọn láìrí ẹyọ kan ní ọkàn. Kí olùkọ́ jẹ́ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fi ọwọ́ kan nǹkan náà, tàbí kí ó yà á sórí ìwé. Bóyá amọ̀ ni kò sì ní: ọmọ tí kò rí òkun rí, tí ẹnikẹ́ni kò sì ṣàpèjúwe rẹ̀ fún, kí ni yóò fi ya òkun?

Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú fún ẹni tí ń gba ìtàn sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà. Kò tó kí ó béèrè pé, "Kí ni ẹ rí, bàbá?" Kí ó tún béèrè pé, "Níbo ni ẹ dúró sí nígbà náà?" Bí bàbá bá sì dáhùn pé Òṣòlò ni, kí akọ̀wé má tíì di ìwé rẹ̀. Ìdajì ìtàn náà ni ó gbà. Kí ó kọjá sí Òkè Màpó lọ gba èyí tí ó kù, nígbà tí àwọn tí ó rí i ṣì wà láyé.