Wáyà Tí A Rò Pé Ó Ti Kú

Ẹ̀yin ará wa, bí iná mànàmáná bá lọ ní àdúgbò, ṣé wáyà orí òpó ti kú nìyẹn? Rárá o. Ẹ jẹ́ kí a wo ìdí rẹ̀.

Redemption Camp wà lẹ́bàá Mowe, ní ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ibùdó náà ní ẹ̀rọ tirẹ̀ tí ń fi gáàsì ṣe iná. Ṣùgbọ́n ní Mowe àti Ibafo, bí iná bá ti lọ, jẹnẹrétọ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ń tàn. Ibẹ̀ ni ewu wà.

Wáyà gíga lè gbé iná 11,000 fóltì. Tiransifọ́mà ni ó ń rọ̀ ọ́ sílẹ̀ di nǹkan bí 230 kí ó tó wọ ilé wa. Ṣùgbọ́n bí tiransifọ́mà ti ń rọ iná sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ó lè gbé e sókè.

Ká ní baálé ilé kan tan jẹnẹrétọ̀, ó sì ki wáyà rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri. Iná náà lè gba míta jáde lọ sórí òpó. Bí ó bá wọ tiransifọ́mà, ó lè di 11,000 fóltì. Òṣìṣẹ́ tó wà lókè, tó rò pé iná ti lọ, òun ni yóò gbé.

Kí ni kí a ṣe?

Ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀, kí ó jẹ́ kí oníná tó mọ iṣẹ́ bá a fi ṣéńjófà sí i. Súwíìsì yìí kì í jẹ́ kí iná ìta àti ti jẹnẹrétọ̀ pàdé.

Òṣìṣẹ́ iná, ìbáà jẹ́ ti ibùdó tàbí ti ìta, kí ó ṣe nǹkan mẹ́rin kó tó fọwọ́ kan wáyà:

1. Kí ó pa iná.
2. Kí ó fi àgádágodo ti súwíìsì náà, kí kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀.
3. Kí ó fi ẹ̀rọ ìdánwò dán wáyà wò. Kí ó kọ́kọ́ dán ẹ̀rọ náà wò níbi tí iná wà, kó lè mọ̀ pé kò bàjẹ́.
4. Kí ó so wáyà náà mọ́ ilẹ̀, kí iná tó bá ṣèèṣì padà lè wọlẹ̀ lọ.

Bí ọ̀gá bá ń sọ pé, “Ẹ yára, àwọn èèyàn ń dúró de iná,” ẹ má ṣe fo ọ̀kankan. Iná lè pẹ́ kó tó dé. Ẹni tí iná bá pa kò ní padà wálé mọ́.