Agbára Kan Náà, Ibùgbé Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Bí A Ṣe Ń Yan Páwà Báìkì Tòkúnbọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ ra páwà báìkì tòkúnbọ̀ l'Ékòó, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Báwo ló ṣe ń sáré tó?" Ìbéèrè yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún ará Àjàó Estate. Ẹni tó bá ti Asa-Afariogun jáde sí ojú pópó tó lọ sí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed mọ̀ pé dánfó ló máa bá níwájú, kẹ̀kẹ́ Màrúwá á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ á sì gba ìyókù. Ohun tó yẹ ká béèrè ni pé: ibo ni agbára ẹ́ńjìnì yìí wà, ṣé mo sì lè débẹ̀ nínú ìrìn mi ojoojúmọ́?

Ẹ jẹ́ ká mú méjì tí wọ́n jọ jẹ́ mọ́dẹ̀lì ọdún 2006, Yamaha R6 àti Kawasaki Ninja 650R. Tí ẹ bá rí wọn lórí ìdúró, ọmọ ìyá ni wọ́n: bọ́dì tó ṣẹ́nu ṣóńṣó, táyà fífẹ̀ lẹ́yìn, àga tó ga ní ìdí. Ẹ́ńjìnì R6 jẹ́ 599cc, ti Ninja jẹ́ 649cc. Inú wọn ni wọ́n ti pínyà.

Nínú ẹ́ńjìnì kọ̀ọ̀kan, afẹ́fẹ́ àti epo á wọlé, písítìnì á fún un mọ́ra, plọ́ọ̀gì á ṣáná sí i, iná yẹn á sì ti písítìnì padà sísàlẹ̀. Písítìnì ló ń yí kráǹkì, kráǹkì á gba ara jíà àti ṣéènì yí táyà ẹ̀yìn. Písítìnì mẹ́rin ló wà nínú R6. Orí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mìlímítà 67, ṣùgbọ́n mìlímítà 42.5 péré ló ń rìn lọ sókè sódò. Méjì ló wà nínú Ninja, orí wọn fẹ̀ tó 83, ìrìn wọn sì jẹ́ 60. Bí ìrìn písítìnì bá ṣe kúrú tó ni yóò ṣe lè lọ kó sì bọ̀ kíákíá láìba ara rẹ̀ jẹ́. Ìdí nìyẹn tí kráǹkì R6 fi lè yí ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi wé ẹni méjì tó ń gún iyán: ọ̀kan mú ọmọ odó kékeré, ó ń gún un wàrà-wàrà, èkejì ń gbé ọmọ odó ńlá sókè, ó ń rọra gún un. Iyán méjèèjì á kúnná, àmọ́ ẹni àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ sinmi.

Iye tí àwọn tó ṣe báìkì méjèèjì kọ síwèé jẹ́rìí sí i. Agbára tí ẹ́ńjìnì fi ń lọ́ kráǹkì ni wọ́n ń fi Nm wọ̀n. Ti R6 jẹ́ 66. Ti Ninja náà jẹ́ 66. Ṣùgbọ́n R6 kì í dé ibẹ̀ àfi tí kráǹkì bá yí ìgbà 12,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ninja ti débẹ̀ ní 7,000. Agbára ẹṣin tí àwọn tó ń tà á máa ń fi yangàn, kò ju kí a fi ìlọ́ra yẹn ṣe ìlọ́po iye ìgbà tí kráǹkì yí. Nítorí náà, ẹṣin 127 tí R6 ní ní 14,500, àti bíi 72 tí Ninja ní ní 8,500, ìyára yíyí ló fa ìyàtọ̀ àárín wọn. R6 kò lágbára ju Ninja lọ nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí iná sílẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, oorun ló ń sùn. Ní jíà kìíní pàápàá, báìkì yẹn á ti máa sáré ju 100 kìlómítà ní wákàtí kan lọ kí ẹṣin 127 náà tó pé. Ibo lẹ ti fẹ́ ṣe ìyẹn láàárín Àjàó Estate àti Oshodi?

Aago iwájú báìkì pàápàá kì í fi gbogbo ìgbà sọ òótọ́. Nígbà tí R6 yìí jáde, Yamaha polówó rẹ̀ pé ilà pupa rẹ̀, ìyẹn òpin ibi tó yẹ kí kráǹkì yí dé, wà ní 17,500. Ó wá hàn pé aago náà ń fi bíi ẹgbẹ̀rún kan lé orí ohun tí ẹ́ńjìnì ń yí gan-an, ilé-iṣẹ́ náà sì ní òun ṣe tán láti ra báìkì padà lọ́wọ́ oníbàárà tí kò bá tẹ́ lọ́rùn ní Amẹ́ríkà.

Ọ̀rọ̀ epo tún wà níbẹ̀. R6 ń fún afẹ́fẹ́ àti epo mọ́ra ní ìlọ́po 12.8, Ninja ń fún un ní ìlọ́po 11.3. Ohun tí a bá fún mọ́ra á gbóná. Bí epo kò bá lágbára láti fara da ooru yẹn, á gbiná fúnra rẹ̀ kí àsìkò tó tó, ẹ ó sì máa gbọ́ kì-kì-kì nínú ẹ́ńjìnì. Písítìnì ló ń jìyà yẹn. Ìdí nìyí tí Yamaha fi kọ ọ́ sínú ìwé R6 pé epo olówó gọbọi ni kí wọ́n máa rọ sí i. Epo lásán tẹ́ Ninja lọ́rùn. Ní ọ̀pọ̀ ilé epo wa, oríṣi bẹntiróòlù kan ṣoṣo ló ń tú jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, kò sí pé a fẹ́ ṣà á.

Ooru ni ọ̀rọ̀ tó kàn. Ọ̀kadà tí a mọ̀, afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà ló ń tù ú lára. Báìkì méjèèjì yìí, omi ló ń yí ẹ́ńjìnì wọn ká, tí rédíétọ̀ ń tù. Ìdérí rédíétọ̀ ń tẹ omi náà mọ́lẹ̀, kò fi ní hó bó bá tilẹ̀ gbóná kọjá 100°C. Nínú gósíló tí afẹ́fẹ́ kò sí, fáànù nìkan ló kù. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n tan báìkì sílẹ̀ lórí ìdúró, kí ẹ sì ní sùúrù títí fáànù á fi bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Tí ẹni tó ń tà á bá ń kánjú láti pa á, ẹ béèrè ohun tó ń sá fún. Nígbà tí báìkì bá tutù, ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀: tí ohun tó wà níbẹ̀ bá pọ́n bí ìpẹtà, omi ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń bù sí i dípò kúláǹtì.

Ó wá ku ìgbésí ayé tí báìkì ti gbé kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Kì í ṣe gbogbo èyí tó gba Àpápá tàbí Tin Can wọlé ni kò ṣubú rí, ọ̀dà tuntun sì lè bo ojú ọgbẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú, kí ẹ wo abẹ́ ọrùn, níbi tí irin tó di ẹsẹ̀ iwájú mú ti ń yí. Kókó irin kékeré méjì wà níbẹ̀ tí ó ń dá ọwọ́ báìkì dúró tí ẹ bá yí i dé òpin lápá ọ̀tún àti òsì. Ẹni tí báìkì bá là mọ́lẹ̀ lè pààrọ̀ gbogbo bọ́dì, ṣùgbọ́n kókó yẹn wà lára férémù. Tó bá fẹ̀ pẹrẹsẹ, tó ya, tàbí tí wọ́n jó o mọ́ ọn padà, ẹ máa bá tiyín lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, kí ẹ rọra yí ọwọ́ báìkì. Tó bá ń há gẹ́-gẹ́ láàárín, bẹ́árì ọrùn ti lọ.

Lára táyà, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó tẹ̀lé DOT. Tó bá jẹ́ 2316, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016 ni wọ́n ṣe é. Kò kan bó ṣe ń dán, ó ti gbó, ẹ yọ owó táyà kúrò nínú iye tí ẹ máa san. Ẹ jẹ́ kí rẹ́wáyà fi mítà sí bàtìrì: nǹkan bíi 12.6 fóòtì ló yẹ kó wà nígbà tí ẹ́ńjìnì kú, kó gòkè sí bíi 14 tí ẹ bá ṣí iná sí 5,000. Tí kò bá gòkè, tàbí tó kọjá 15, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ rẹ́gúlétọ̀ ló ti jóná. Ẹ wo nọ́ńbà férémù tó wà lára ọrùn báìkì. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni. JYA ló máa ń bẹ̀rẹ̀ ti Yamaha, JKA ti Kawasaki tí wọ́n ṣe ní Japan. Lára èyí tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, lẹ́tà tàbí nọ́ńbà kẹwàá ló ń sọ ọdún rẹ̀: 6 jẹ́ 2006, 8 jẹ́ 2008, A jẹ́ 2010. Kó bá ti inú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù mu láìyẹ̀.

Ìwé yẹn ṣe pàtàkì ní àdúgbò wa. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti fi Oshodi-Isolo, Kosofe, Somolu àti Mushin kún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n ti kọ́kọ́ lé ọ̀kadà kúrò nínú wọn. Ọ̀kadà tó ń kó èrò ni wọ́n fi òfin náà bá wí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gun alùpùpù tí kò ní nọ́ńbà jáde ń wá wàhálà. Kí ìwé pé, kí láísẹ́ńsì yín jẹ́ ti kíláàsì A, kí akoto sì wà lórí.

Bó bá jẹ́ ìdárayá ni ẹ fẹ́ fi ṣe, tí ẹ ní ọ̀nà tó ṣófo àti ọwọ́ tó ti mọ̀ ọ́n, R6 kò ní ẹlẹ́gàn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń jáde láràárọ̀ ní Àjàó Estate, tí ẹ sì ń padà sílé lálaalẹ́, ẹ ra Ninja 650R tí kókó ọrùn rẹ̀ ṣì dá ṣáká. Agbára tí ẹ máa lò ló wà lára rẹ̀, owó tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi ra táyà tuntun.