Bí Gíábọ́ọ̀sì Bá Ti Wá Sílẹ̀, Ẹ Má Pààrọ̀ Díìsì Nìkan

Lójú ọ̀nà tó ti Ìyànà-Ìpájà gba Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìdímù lọ sí Ìkòtún, kò sí ẹ̀yà ọkọ̀ tó ń jìyà tó kílọ́ọ̀ṣì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé ọkọ̀ olówó ńlá tó ń sá eré àsápajúdé ni kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ máa ń tètè jó, pé fáragọ̀n àti kòròpẹ̀ wa tó ń rọra lọ kò yẹ kó mọ irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Yíyọ̀ ló ń jẹ kílọ́ọ̀ṣì, eré kọ́. Awakọ̀ ìdíje lè jó o nígbà tó bá fẹ́ gbéra, àmọ́ tó bá ti wà lórí eré, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ á ti gbá mú ṣinṣin. Dẹ́rẹ́bà tó ń kó èrò láti Ìgàndò lọ sí Ìkòtún kò ní irú ìsinmi yẹn. Á gbéra, á dúró, á tún gbéra, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, pẹ̀lú èrò tó kún inú ọkọ̀ bámúbámú. Kílọ́ọ̀ṣì tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí á jó láìpẹ́ láìjìnnà, kò sí ẹni tó lè dá a dúró. Ohun tó wà níkàáwọ́ wa ni ọ̀nà tí a ń gbà tún un ṣe, ọ̀nà yẹn gan-an ló sì ń kó wa sí gbèsè.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Irin ńlá roboto kan wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnì tó ń bá a yí, òun ni flywheel. Pressure plate ni wọ́n fi bóòtù dè mọ́ ọn, díìsì sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Sípíríǹgì inú pressure plate ló ń fún díìsì yìí mọ́ flywheel, kí agbára ẹ́ńjìnì lè ráyè dé inú gíábọ́ọ̀sì. Bí awakọ̀ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, bẹ́ríǹgì kan á ti sípíríǹgì náà, díìsì á sì bọ́ lómìnira. Nígbà tó bá ń tú ẹsẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, díìsì á yọ̀ díẹ̀ kó tó gbá mú, gbogbo yíyọ̀ yẹn ló ń di ooru, tó sì ń fá líníǹgì ara rẹ̀. Bí líníǹgì bá ti fẹ́lẹ́ jù, sípíríǹgì ò ní rí i fún mọ́ dáadáa. Ẹ́ńjìnì á máa pariwo, ọkọ̀ ò ní fẹ́ gun òkè, òórùn ohun tó jó á sì gba inú ọkọ̀ kan. Ẹni tó bá fẹ́ kó dá òun lójú lè fa bíréèkì ọwọ́, kó ki jíà kẹta bọ̀ ọ́, kó wá rọra tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Bó bá ṣì dára, ẹ́ńjìnì á kú. Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́ lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan, iṣẹ́ ti dé nìyẹn.

Ọwọ́ kò lè tó díìsì yìí láìjẹ́ pé wọ́n sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀, ibẹ̀ ni àlàyé mi ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀pá tó ń yí táyà, wáyà, okùn kílọ́ọ̀ṣì àti bóòtù tó ti dógùn-ún, gbogbo rẹ̀ ni mẹkáníìkì gbọ́dọ̀ tú, yálà ẹ̀yà kan ló fẹ́ pààrọ̀ tàbí mẹ́ta. Owó iṣẹ́ kan náà ni. Síbẹ̀, ohun tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n ra díìsì nìkan, kí wọ́n sì dá pressure plate àti bẹ́ríǹgì àtijọ́ padà sáyè wọn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jọ jìyà iṣẹ́ ọ̀hún. Ẹ yẹ ojú pressure plate tí wọ́n bá tú sílẹ̀ wò: ẹ ó rí àpá tó dúdú bí aró níbi tí iná ti lù ú, ẹ ó rí ibi tó ti fá kòtò, nígbà mìíràn ẹ ó rí ìlà wẹ́wẹ́ níbi tó ti fẹ́ sán. Irú ojú bẹ́ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ díìsì tuntun lọ́jọ́ tí wọ́n bá dè é. Bẹ́ríǹgì tó ti ń ké nígbàkígbà tí ẹsẹ̀ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì kò ní pẹ́ fọ́, bó bá sì fọ́, gíábọ́ọ̀sì tún gbọ́dọ̀ wá sílẹ̀. Flywheel náà ń fẹ́ àyẹ̀wò, bóyá kó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀tì fá irin. Èyí tó sì ń dùn mí jù ni rọ́bà kékeré tó ń dá ọ́ìlì ẹ́ńjìnì dúró níbẹ̀, tí wọn kì í pààrọ̀, nítorí owó rẹ̀ kéré púpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti díìsì. Bí ọ́ìlì bá ń jò gba ibẹ̀ kan díìsì, ì báà jẹ́ Jámánì ni wọ́n ti kó díìsì náà wá, á yọ̀.

Àwọn kan á ní kí a kúkú ra kílọ́ọ̀ṣì alágbára tí àwọn ọkọ̀ ìdíje ń lò. Kò bá ọ̀nà wa mu. Porsche Carrera GT, tó jáde ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, ní kílọ́ọ̀ṣì seramíìkì tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju 169 mílímítà lọ, ó sì ń gba agbára ẹ́ńjìnì tó ju 600 ẹṣin lọ. Síbẹ̀ òkìkí tó fi kàn láàárín ìlú ni pé ó máa ń gbá mú lójijì, ẹ́ńjìnì á sì kú mọ́ awakọ̀ tí kò bá mọ̀ ọ́n tú sílẹ̀. Ìgbéra pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ń béèrè, líníǹgì tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà yàn fún un ló sì mọ irú ìgbéra bẹ́ẹ̀.

Àwíjàre tó lágbára jù ni ti owó. Dẹ́rẹ́bà tó ń jẹ́ iye kan fún ọlọ́kọ̀ lójoojúmọ́, tàbí tó gba ọkọ̀ ní háyà pọ́ṣéèsì, lè má ní ju owó díìsì lọ lọ́wọ́, n kò sì ní bú u. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọkọ̀ bá wà lọ́gbà mẹkáníìkì, kò sí owó tó ń wọlé, gbèsè ọlọ́kọ̀ sì dúró síbẹ̀. Bí gíábọ́ọ̀sì bá wá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó san owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì pàdánù ọjọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí agbára kò bá gbé gbogbo rẹ̀, kó má yọ bẹ́ríǹgì àti rọ́bà ọ́ìlì kúrò nínú ohun tó fẹ́ rà. Ọlọ́kọ̀ pàápàá ló yẹ kó dá sí i, nítorí ọkọ̀ rẹ̀ ni.

Àwọn mìíràn á ní tòkunbọ̀ láti ọjà Ládípọ̀ sàn ju tuntun ayédèrú lọ. Òótọ́ wà níbẹ̀, mi ò sì ní bá wọn jà lórí pressure plate tí ojú rẹ̀ dán. Ti díìsì yàtọ̀, torí líníǹgì tí wọ́n ti lò tẹ́lẹ̀ ni ohun tí ẹ fẹ́ rà gan-an. Ẹ wo orí ríbẹ́ẹ̀tì tó de líníǹgì mọ́ ọn: bó bá ti fẹ́ bá ojú líníǹgì dọ́gba, ẹni tó kọ́kọ́ lò ó ti jẹ ẹran, egungun ló kù. Ẹ gbọn àwọn sípíríǹgì kékeré àárín rẹ̀ náà, tí wọ́n bá ń mì, ẹ fi sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù nípa àwọn ọmọ iṣẹ́. Eruku líníǹgì tó wà lára gíábọ́ọ̀sì tí wọ́n tú lè ní asbestos nínú, pàápàá bí díìsì náà bá ti pẹ́. Asbestos ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó sì ń fa jẹjẹrẹ. Ìdí nìyẹn tí Ìlú Ọba fi fòfin de èyí tó kù lára rẹ̀ pátápátá ní 1999. Kí wọ́n má ṣe fi kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fẹ́ eruku yẹn sójú ara wọn. Kí wọ́n fi omi rin ín, kí wọ́n fi àkísà nù ún, kí wọ́n sì di àkísà náà sínú ọ̀rá kí wọ́n tó dà á nù.